Kíka Ojú Ọ̀run àti Kíka Àkókò: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìgbésí-ayé Lewis Fry Richardson

Nínú orí kẹrìndínlógún Ìhìnrere Mátíù, àwọn Farisí àti àwọn Sadusí tọ Olúwa wa wá, wọ́n ń béèrè àmì láti ọ̀run. Ìdáhùn tí Ó fún wọn yẹ ní àròjinlẹ̀. Ó rán wọn létí pé bí ojú ọ̀run bá pọ́n, wọ́n mọ irú ọjọ́ tí yóò tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n wọn kò lè mọ àmì àkókò tí àwọn fúnra wọn ń gbé nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Olúwa kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n mọ ojú ọjọ́. Ohun tí Ó bá wọn wí sí ni pé ìmọ̀ wọn dúró sí ojú sánmọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọkàn àti sí ìwà.

Ìtàn ọkùnrin kan tí ó sapá láti ka méjèèjì ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò nínú ìwé ìrántí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí. Ìdí méjì ni mo fi yàn án. Èkíní, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọ́ sáyẹ́ǹsì a máa béèrè bóyá ọkàn tí ó gbàgbọ́ àti orí tí ó ń ṣírò lè gbé inú ènìyàn kan náà. Èkejì, ní àkókò tiwa yìí, èsì ni gbogbo ènìyàn ń béèrè, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń béèrè bí a ti ṣe rí èsì náà. Orúkọ ọkùnrin náà ni Lewis Fry Richardson.

Ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde wá

A bí Richardson ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, ọdún 1881, ní ìlú Newcastle ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje. Iṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ Ìjọ Àwọn Ọ̀rẹ́ ni ìdílé náà, àwọn tí ayé mọ̀ sí Quaker. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ti ń jọ́sìn, wọ́n sì gbà pé kò tọ́ kí Kristẹni gbé ohun ìjà sí ọmọnìkejì rẹ̀. Ìjọ tí èmi ń sìn kò bá wọn dọ́gba ní gbogbo ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìgbésí-ayé rẹ̀ san gbèsè ohun tí ó gbàgbọ́, ó yẹ kí a gbọ́ tirẹ̀.

Ní ọdún 1894 wọ́n rán an lọ sí Bootham, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn Quaker ní ìlú York. Níbẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ti la ojú rẹ̀ sí ìyanu ẹ̀dá. Ọ̀kan nínú wọn mọ̀ nípa ojú ọjọ́ dáadáa. Nígbà tí Richardson dàgbà tán, ó jẹ́rìí pé ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ìdánilójú kan sí òun lọ́kàn: pé sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ wà ní abẹ́ ìwà rere, kì í ṣe pé kí ìwà rere wà ní abẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ kí a di gbólóhùn yìí mú ṣinṣin, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo ohun tí ó kù. Lẹ́yìn Bootham, ó kàwé ní Newcastle àti ní King's College ní Cambridge, ó sì gba oyè rẹ̀ pẹ̀lú ipò kìíní ní ọdún 1903.

Ọgbọ́n gígé ohun ńlá sí wẹ́wẹ́

Afẹ́fẹ́ àti omi jọ ara wọn ju bí ojú ti rí wọn lọ. Ohun tí ń ṣàn ni àwọn méjèèjì. Òfin kan náà ni ó ń darí ìṣàn wọn, yálà nínú odò, nínú òkun tàbí ní òfuurufú. Àwọn onímọ̀ ti kọ àwọn òfin wọ̀nyí sílẹ̀ ní èdè ìṣirò kí a tó bí Richardson, ṣùgbọ́n ìṣirò náà le tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ẹni tí ó lè yanjú rẹ̀ tán.

Ní nǹkan bí ọdún 1906, ilé-iṣẹ́ kan gba Richardson kí ó ṣírò bí omi ṣe ń ṣàn nínú ilẹ̀ irà, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò gbẹ́ ihò ìṣàn-omi sí. Kàkà kí ó wá ìdáhùn kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ náà, ó gé e sí igun mẹ́rin mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń pín oko sí ebè. Ó wá ṣírò ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ebè kọ̀ọ̀kan láti inú ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ebè tí ó yí i ká. Ìṣirò ńlá tí kò ṣeé ṣe di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣirò kékeré tí ẹnikẹ́ni tí ó mọ ìròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín lè ṣe. Ní ọdún 1910, ó gbé ọ̀nà yìí jáde níwájú Royal Society, ó sì fi ṣírò agbára tí ń tẹ ògiri ìdídò omi.

Nígbà tí ọkọ̀ Titanic rì ní oṣù Kẹrin ọdún 1912, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó ti fi ìwé sílẹ̀ fún ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí ọ̀nà tí a lè fi gbohùn padà láti mọ̀ bí òkìtì yìnyín bá wà níwájú ọkọ̀, nínú afẹ́fẹ́ àti lábẹ́ omi. Báyìí ni ọkàn rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́: ibi tí ẹ̀mí ènìyàn bá wà nínú ewu, ibẹ̀ ni ó ń darí ìmọ̀ rẹ̀ sí.

Ní ọdún 1913, Ilé-iṣẹ́ Ojú Ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe alábòójútó ibùdó Eskdalemuir ní gúúsù Skọ́tíláǹdì. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí a bá pín òfuurufú sí ebè gẹ́gẹ́ bí a ti pín ilẹ̀ irà, tí a sì mọ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, ooru, ọ̀rinrin àti ìyára afẹ́fẹ́ nínú ebè kọ̀ọ̀kan ní òní, ǹjẹ́ a kò lè ṣírò bí wọn yóò ti rí ní ọ̀la?

Àwa tí a kọ́ èdè Hébérù ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè náà ń lò fún afẹ́fẹ́, fún èémí àti fún ẹ̀mí. Nínú ìjíròrò rẹ̀ pẹ̀lú Nikodémù, Olúwa fi afẹ́fẹ́ ṣe àpèjúwe ohun tí ènìyàn kò lè mọ orísun rẹ̀. Ǹjẹ́ àfojúdi ni kí ènìyàn ṣírò ọ̀nà afẹ́fẹ́? Mo dáhùn pé rárá. Àpèjúwe kì í ṣe òfin tí ó dè wá ní wíwádìí. Ọlọ́run tí ó fi ìlànà sí ìṣàn afẹ́fẹ́ kì í bínú sí ọmọ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti wo ìlànà náà.

Ìṣirò lójú ogun

Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914. Richardson kò lè gbé ìbọn, ṣùgbọ́n kò lè jókòó sílé pẹ̀lú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kú. Ní ọdún 1916, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ambúláǹsì àwọn Quaker ní ilẹ̀ Faransé. Títí di ọdún 1919, awakọ̀ ni ó jẹ́, ó ń gbé àwọn ọmọ ogun Faransé tí ó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ìjà.

Ní àkókò ìsinmi, lórí òkìtì koríko gbígbẹ nínú ilé tútù, ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó mú ọjọ́ kan tí ó ti kọjá, ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1910, nítorí pé Vilhelm Bjerknes ọmọ Norway ti kó àkọsílẹ̀ afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà jọ. Ó fẹ́ ṣírò bí ojú ọjọ́ ti yí padà láàrin wákàtí mẹ́fà ní apá kan àárín gbùngbùn Yúróòpù, kí ó sì fi wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ó gbà á ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti la ìlànà ìṣirò náà sílẹ̀ àti láti parí rẹ̀.

Èsì jáde: ìṣirò náà wí pé ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ yóò fi 145 millibar ga sí i ní wákàtí mẹ́fà. Kí òǹkàwé tí kì í ṣe onímọ̀ lè mọ bí èyí ti burú tó, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ní etí òkun kò ju nǹkan bí 1,013 millibar lápapọ̀. Kò sí ojú ọjọ́ kan ní Yúróòpù tí ń yí padà tó bẹ́ẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà. Ní ọjọ́ náà gan-an, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ rárá.

Bí ẹni pé èyí kò tó, nígbà ìjà Champagne ní oṣù Kẹrin ọdún 1917, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀yìn ogun, ó sì sọnù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni wọ́n rí i ní Bẹ́ljíọ̀mù, lábẹ́ òkìtì èédú.

Ẹni tí ó tẹ ìjákulẹ̀ rẹ̀ jáde

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ibi tí mo ń bọ̀ ni a dé yìí. Kí ni ẹlòmíràn ìbá ṣe? Ó lè jẹ́ kí ìwé náà wà lábẹ́ èédú. Ó lè yan ọjọ́ mìíràn tí èsì rẹ̀ yóò dára díẹ̀. Ó lè dín 145 kù sí 14, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn láyé nígbà náà tí ì bá tún ìṣirò náà ṣe láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí olùṣọ́ ìdánwò lórí rẹ̀ nínú ilé koríko yẹn.

Richardson kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ní ọdún 1922, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Cambridge gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí sísọ ojú ọjọ́ tẹ́lẹ̀ nípa ìṣirò. Gbogbo ìṣirò náà wà níbẹ̀, ìlà dé ìlà, pẹ̀lú èsì tí ó kùnà náà. Ó sì sọ èrò rẹ̀ nípa ibi tí àṣìṣe ti wá: ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ni ó fura sí.

Nínú ìwé kan náà, ó ya àlá kan fún wa. Ó fojú inú rí gbọ̀ngàn ńlá kan, tí a ya àwòrán gbogbo ayé sí ara ògiri rẹ̀ yípo. 64,000 ènìyàn jókòó níbẹ̀, olúkúlùkù ń ṣírò ojú ọjọ́ ibi tí ó jókòó sí lórí àwòrán náà, ó sì ń fi èsì rẹ̀ han aládùúgbò rẹ̀. Ní àárín, lórí òpó gíga, ọkùnrin kan dúró bí olórí akọrin. Ó ń tan iná pupa rẹ́súrẹ́sú sí àwọn tí ó yára jù, ó sì ń tan iná aláwọ̀ aró sí àwọn tí ó lọ́ra, kí gbogbo ayé lè máa rìn pọ̀.

Ìyípo inú ìyípo

Ó padà sí Ilé-iṣẹ́ Ojú Ọjọ́ lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n ní ọdún 1920 ìjọba fi ilé-iṣẹ́ náà sí abẹ́ àwọn tí ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú, àti ti ogun pẹ̀lú. Richardson kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Westminster, Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1929, ó di ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́-ọwọ́ ní Paisley, ní Skọ́tíláǹdì.

Ó ń bá ìwádìí rẹ̀ lọ láàrin iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tí ó bá ti wo èéfín tí ń jáde láti ilé ìdáná ní òwúrọ̀ kùtùkùtù mọ̀ pé a máa rọra tẹ́ pẹrẹsẹ; ṣùgbọ́n ní ọ̀sán gangan, a máa lọ́ a máa yí, a sì fọ́nká. Kí ló fà á? Nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù tí ó wúwo bá wà nísàlẹ̀, tí èyí tí ó fúyẹ́ wà lókè, wọn a jókòó sí ipò wọn, bí epo ti ń jókòó sórí omi. Ṣùgbọ́n bí ìpele òkè bá ń sáré ju ìpele ìsàlẹ̀ lọ púpọ̀, ìyàtọ̀ eré náà a máa rú wọn pọ̀. Richardson fi ìdíwọ̀n kan hàn tí a fi ń mọ èwo nínú agbára méjèèjì ni yóò borí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìdíwọ̀n náà títí dòní, àwọn tí ń wádìí òfuurufú àti àwọn tí ń wádìí òkun sì jọ ń lò ó.

Ní ọdún 1926, ó tún fi hàn pé bí ohun méjì tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ bá ti jìnnà síra wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yára jìnnà sí i. Ìdí ni pé inú ìyípo ńlá ni ìyípo kékeré wà, inú ìyípo kékeré ni èyí tí ó kéré jù ú lọ wà. Bí àlàfo bá ṣe ń gbòòrò, ìyípo tí ó tóbi jù a máa wọ inú iṣẹ́ náà. Ọdún yẹn kan náà ni Royal Society fi í ṣe ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wọn.

Nígbà tí ó ti tó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, òun àti Henry Stommel, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ òkun láti Amẹ́ríkà, fẹ́ mọ̀ bóyá òfin kan náà wà nínú òkun. Wọn kò ní ẹ̀rọ olówó ńlá. Wọ́n gé parsnip, gbòǹgbò funfun kan tí ó jọ kárọ́ọ̀tì, wọ́n sì ń jù ú ní méjì méjì sínú omi ní èbúté Blairmore ní Skọ́tíláǹdì. Parsnip a máa léfòó, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán, nítorí náà omi ni ó ń gbé e, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ó sì rọrùn láti rí nítorí funfun rẹ̀. Wọ́n ń wọn àlàfo tí ó wà láàrin méjèèjì. Òfin tí ó jọ ti òfuurufú náà ni wọ́n bá nínú omi. Ọdún 1948 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kíka àmì àkókò

Láàrin àwọn ọdún wọ̀nyí, ohun kan wúwo lórí ọkàn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Dorothy, ròyìn lẹ́yìn náà pé nígbà tí ó hàn pé àwọn tí ń ṣe gáàsì olóró fún ogun ń wá ìmọ̀ rẹ̀ nípa bí nǹkan ti ń fọ́nká nínú afẹ́fẹ́, ó ba àwọn iṣẹ́ tí kò tíì tẹ̀ jáde jẹ́. Ó yí ojú rẹ̀ kúrò nínú ìwádìí ojú ọjọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìṣirò wádìí ogun fúnra rẹ̀.

Ó kọ ọ́ ní ìṣirò bí orílẹ̀-èdè méjì ti ń kó ohun ìjà jọ nítorí ìbẹ̀rù ara wọn, tí ìkójọ ti èkíní ń mú kí èkejì fi kún tirẹ̀. Ó ka àwọn ìjà tí ó mú ẹ̀mí lọ láti ọdún 1820 síwájú, láti orí ìpànìyàn kan dé orí ogun àgbáyé. Ó wá ọ̀nà láti mọ̀ bóyá gígùn ààlà láàrin orílẹ̀-èdè méjì ní í ṣe pẹ̀lú ogun. Níbẹ̀ ni ó ti rí ohun ìyanu: àkọsílẹ̀ kan wí pé ààlà Spéènì àti Pọtugí jẹ́ 987 kìlómítà, òmíràn wí pé 1,214 ni. Ó fi hàn pé bí ọ̀pá ìwọ̀n bá ti kúrú tó ni ààlà ń gùn tó, nítorí pé ọ̀pá kúkúrú a máa wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Ní ọdún 1940, ó fẹ̀yìn tì kí ó lè gbájú mọ́ iṣẹ́ àlàáfíà yìí. Ó kú nínú oorun ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1953. Ọdún 1960 ni ìwé ńlá méjì rẹ̀ lórí ogun tó jáde.

Òtítọ́ kì í ṣègbé

Ní ọdún 1950, Jule Charney, Ragnar Fjørtoft àti John von Neumann lo kọ̀ǹpútà ENIAC ní Amẹ́ríkà láti sọ ojú ọjọ́ tẹ́lẹ̀, èyí àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ wákàtí 24 gbà wọ́n ní nǹkan bí wákàtí 24, ṣùgbọ́n ó ṣe é fojú rí. Charney fi èsì ránṣẹ́ sí bàbá arúgbó náà ní Skọ́tíláǹdì. Richardson kí wọn kú oríire. Ó wí pé ìlọsíwájú ńlá ni èyí jẹ́ lórí èsì kan ṣoṣo tí òun ní, tí kò tọ̀nà rárá.

Nígbà tí ó pẹ́, Peter Lynch, onímọ̀ ojú ọjọ́ láti ilẹ̀ Ireland, fi kọ̀ǹpútà tún ìṣirò ọdún 1910 náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé ọ̀nà tí Richardson gbà kò burú. Àwọn ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ ni kò bára wọn dọ́gba. Nígbà tí a tún wọn ṣe kí wọ́n lè bára mu, 145 yẹn pòórá, àsọtẹ́lẹ̀ náà sì bọ́gbọ́n mu. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó jìn bá fi ewé bo kòtò náà, ta ni yóò kọ́? Nítorí pé ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìyọ ẹyọ kan ni a fi lè rí ibi tí ó ti ṣìnà. Lónìí, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa, NiMet, bá kéde àkókò òjò fún àwọn àgbẹ̀, ọ̀nà ìṣirò tí ó ti ọwọ́ awakọ̀ ambúláǹsì yìí wá wà lára ìpìlẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a ó mú lọ

Èkíní ni pé èsì tí ó kùnà ní òtítọ́ níye lórí ju èsì tí ó dára ní irọ́ lọ. Ẹni tí ó ra ìdáhùn ìdánwò ti ba àkọsílẹ̀ jẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè fi han án mọ́ ibi tí òye rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀ ọ́n títí ayé yóò fi bi í léèrè.

Èkejì ni pé ìmọ̀ ní olúwa. Àwọn kan yóò wí pé Richardson fi ohun púpọ̀ ṣòfò, pé ilé-iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ ni ó ń gba àwọn awakọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ ìjì. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, n kò sì gbà pé àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dúró ṣẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa ni a pè láti fi ipò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a pè láti mọ ibi tí ààlà wa wà kí ọjọ́ ìdánwò tó dé, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kì í dá a mọ̀ nígbà tí owó oṣù bá ti wọlé.

Ẹ̀kẹta ni ìrẹ̀lẹ̀. Ní ọdún 1963, Edward Lorenz ti Amẹ́ríkà fi hàn pé àṣìṣe tí ó kéré jọjọ nínú ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ lè dàgbà títí yóò fi ba àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ iwájú jẹ́. Ìṣirò ti mú wa mọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó sì ti fi ibi tí ìmọ̀ wa pin sí hàn wá. Nikodémù kò pàdánù ohunkóhun.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní kíláàsì tàbí nínú ẹgbẹ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin àsọtẹ́lẹ̀ wòlíì àti àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́? Báwo ni a ṣe lè dán ìkọ̀ọ̀kan wò?
2. Bí ìwọ bá wà ní ipò Richardson ní ọdún 1917, kí ni ìwọ ìbá ṣe sí 145 yẹn? Dáhùn ní òtítọ́.
3. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí onímọ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ kí a má baà fi ṣe ibi? Ta ni ó ni ìmọ̀?
4. Fi ọmọ kíláàsì rẹ ṣe alábàáṣe: ju ègé igi fúyẹ́ méjì sínú odò tàbí adágún, kí ẹ máa wọn àlàfo wọn. Kí ni ẹ rí?
5. Àmì àkókò wo ni ó hàn gbangba ní ìlú wa lónìí, tí àwọn tí ó kàwé ń ṣe bí ẹni pé wọn kò rí i?

Kí Ọlọ́run tí ó dá afẹ́fẹ́ àti omi fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní ojú tí ń wo òkè àti ọkàn tí kì í parọ́ ohun tí ojú rí. Àmín.